Orúkọ Tí Ẹnu Mi Kò Gbọdọ̀ Pè

Ìyá Ṣadé ló kọ́kọ́ sọ ọ́ fún mi. Àárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta kan ni, nínú táàmù kẹta tó kọjá yìí. Mo ń sá aṣọ ilé-ìwé àwọn ọmọ lẹ́yìnkùlé wa ní Awoyaya ni ó sáré jáde nínú yàrá rẹ̀ tòun ti fóònù lọ́wọ́, ó ní, “Ìyálé mi, ẹ gbà mí! Wọ́n ní Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ti kú!” Aṣọ bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo bi í pé ta ló sọ bẹ́ẹ̀. Ó wò mí, ó wo fóònù, ó tún wò mí. Ó ní, “Kíláàsì yín ni.”

Ẹ̀yin èèyàn mi, láti ọjọ́ náà títí di bí mo ṣe ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí, orí mi kò tíì padà sípò. Obìnrin tí wọ́n ní ó kú yẹn kò kú. Ní àkókò tí à ń pariwo rẹ̀ yẹn, iná ló ń fẹ́ lábẹ́ ẹja ní Eleko. Wọ́n sì ti parí ọ̀rọ̀ náà o, gbogbo ẹbí ló gbà pé ó ti parí. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ bá parí tí ọkàn ẹni kò parí, kí là ń pe irú ìyẹn? Mo ti rò ó síwá, mo ti rò ó sẹ́yìn. Ẹ jẹ́ kí n tò ó fún yín bó ṣe ṣẹlẹ̀, kí ẹ bá mi wò ó bóyá èmi ni mo ṣe é tì, àbí àṣà ni, àbí ẹ̀rọ.

Tíṣà ni mí. Kíláàsì kẹrin ni mò ń kọ́ ní ilé-ìwé aládàáni kékeré kan ní Ṣàngótẹ̀dó. Ìwé mẹ́fà ni agbára àwọn òbí mi mọ. Ìyókù, ìwé àwọn àbúrò ọkọ mi ni mo fi kọ́ ara mi lẹ́yìn tí mo ti di ìyàwó ilé, títí mo fi lè jókòó ṣe ìdánwò olùkọ́. Nínú ilé ọkọ mi, èmi náà ni ìyá ọkọ mi fi ìtàn ilé lé lọ́wọ́ kí wọ́n tó lọ. Bí wọ́n bá ń wá ọjọ́ orí ẹnìkan, èmi ni wọ́n ń pè. Mo mọ ẹni tí wọ́n bí lọ́dún tí òkun gbé àwọn igi àgbọn wa lọ, mo mọ ẹni tó ń rákòrò nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ da ọ̀dà sójú títì yìí, mo mọ ẹni tí wọ́n ń jà sí ilé rẹ̀ nígbà ìsìnkú Bàbá, bàbá ọkọ mi, àti ohun tí wọ́n torí ẹ̀ jà. Orí ni mo kó gbogbo rẹ̀ sí. Bí mo bá ń fọ abọ́, mo máa ń kà á sókè fún ara mi, lẹ́sẹẹsẹ, kí ó má baà jábọ́.

Síbẹ̀, nínú gbogbo ohun tí mo mọ̀ yẹn, ó ní èyí tí ẹnu mi kò gbọdọ̀ pè. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Ìyàwó kì í pe orúkọ ẹni tó bá nílé ọkọ, ìbáà ṣe ọmọ ọwọ́. Orúkọ mìíràn ló ń fún wọn. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin, tó jẹ́ àkọ́bí Bàbá, ni ẹni àkọ́kọ́ tí mo sọ lórúkọ. Nígbà tí mo dé ilé yẹn, ó tínínrín bí ọ̀pá ìtukọ̀. Bó bá ru agbọ̀n ẹja bọ̀ láti etí òkun, ẹ ó rò pé atẹ́gùn ni yóò ṣẹ́ ẹ sí méjì. Mo pè é ní Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́. Ó bú sẹ́rìn-ín, ó jẹ́ mi lóhùn. Orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ gan-an, mo mọ̀ ọ́n, mo mọ ìdí tí wọ́n fi sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n n kò ní kọ ọ́ síbí. Bí àwọn ìyàwó mìíràn ṣe ń dé lẹ́yìn mi, Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ tí mo pè é ni wọ́n ń bá mi pè. Ìyá Ṣadé, ìyàwó àbúrò ọkọ mi, wà lára wọn.

Ohun tí obìnrin yìí ṣe fún mi kò ṣe é sọ tán. Nígbà tí mo fẹ́ ṣe ìdánwò olùkọ́, ìyá ọkọ mi bèèrè pé ta ni yóò wá yan ẹja. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ló dáhùn pé, “Èmi ni n ó yan án. Ẹ jẹ́ kí ìyàwó mi kàwé.” Ó pọn ọmọ mi sẹ́yìn, ó dúró lábẹ́ igi níwájú gbọ̀ngàn ìdánwò títí mo fi jáde. Kò pe orúkọ mi rí, kò sì pè mí ní Ìyá Lágbájá bí àwọn yòókù. “Ìyàwó mi” ló ń pè mí. Bó bá pè é láti ẹnu ọ̀nà, mo máa ń gbọ́ ọ dé ibi ìdáná, tí inú mi á dùn.

Ọdún gorí ọdún, Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ sanra. Ẹ má jẹ́ kí n purọ́ fún yín, ó sanra gan-an. Orúkọ kò kúrò lára rẹ̀ fún àwa ìyàwó, ṣùgbọ́n lójú rẹ̀ a sáà ń pè é ní “ọkọ mi”. Bí a bá ń ròyìn rẹ̀ tàbí tí a bá ń kì í ni Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ń jáde. Àwọn ọmọ wa, Màmá Eleko ni wọ́n mọ̀ ọ́n sí. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, ibẹ̀ ni nǹkan ti bẹ̀rẹ̀.

Màdáámù tó ni ilé-ìwé wa ló ra àwọn ẹ̀rọ pẹlẹbẹ tí à ń pè ní táàbù. Wọn kò lè kárí àwọn ọmọ, nítorí náà ọmọ mẹ́rin ló ń lo ọ̀kan. Màdáámù mú ọ̀dọ́kùnrin kan wá láti kọ́ àwa tíṣà bí a ó ṣe máa lò ó. Ó ní kí àwọn ọmọ jọ máa kọ iṣẹ́ sójú ewé kan ṣoṣo nínú ẹ̀rọ náà, kí wọ́n jọ máa jíròrò. Ọ̀rọ̀ tó tẹnu mọ́ jù ni pé, “Ẹ má fún wọn ní ìdáhùn o. Bí wọ́n bá bi yín ní ìbéèrè, ẹ dá ìbéèrè padà fún wọn. Ẹgbẹ́ ni kó wá a rí.” Ó rọrùn lẹ́nu rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ tí a bẹ̀rẹ̀, kíláàsì mi di ojú ogun. Ẹni tó lágbára ló ń di táàbù mú, ẹni jẹ́jẹ́ ló ń wo ẹ̀yìn orí ẹlòmíràn. Ọmọkùnrin kan pa gbogbo ohun tí ìyá àgbà ọmọ kejì sọ rẹ́ nítorí ó fẹ́ fi àwòrán bọ́ọ̀lù síbẹ̀. Ọmọ yẹn sunkún títí ìyá rẹ̀ fi wá mú un lọ sílé.

Mo wá jókòó, mo ṣe òfin tèmi. Mo gé páálí, mo fi okùn sí i, mo fi kọ́ ọmọ kọ̀ọ̀kan lọ́rùn: ẹni tí yóò di táàbù mú, ẹni tí yóò kọ̀wé, ẹni tí yóò bèèrè, ẹni tí yóò ṣọ́ aago. Bí aago bá dún, páálí á yí, táàbù á yí. Mo ní ẹni tí kò bá kọ nǹkan kò gbọdọ̀ pa á rẹ́. Mo sì ní ohunkóhun kò gbọdọ̀ wọ ojú ewé àfi tí ẹnu méjì bá jẹ́rìí sí i. Ẹ ò bá rí i bí kíláàsì ṣe rọlẹ̀! Màdáámù mú àwọn òbí wá wò wá láti ojú fèrèsé. Orí mi wú. Mo rò pé mo ti mọ̀ ọ́n.

Iṣẹ́ tí mo wá fún wọn ni “Àwọn Àgbà Ilé Wa”. Kí kálukú gba ohùn àwọn ará ilé rẹ̀ sílẹ̀, kí wọ́n wá tò ó pọ̀. Ní tábìlì kan, Ṣadé tiwa wà níbẹ̀. Mọ́sùn, tí Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ jẹ́ ìyá fún ìyá rẹ̀, wà níbẹ̀. Túndé wà níbẹ̀, tí bàbá rẹ̀ wá láti Ìkirè, tó ń mọ ilé sí àwọn ẹ́sítéètì tuntun. Àti Chidera, tí ìyá rẹ̀ ń ta oògùn lójú títì. Ṣadé àti Mọ́sùn kì í ya ara wọn. Láti ìgbà tí wọ́n ti mọ ìrìn ni wọ́n ti jọ ń jẹ nínú abọ́ kan.

Ọjọ́bọ̀ ni ìjà bẹ́. Mo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ mìíràn ni mo gbọ́ ohùn Ṣadé: “Irọ́ ni! Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni àkọ́bí Bàbá àgbà. Màmá mi ló sọ ọ́, ohùn wọn nìyí!” Ó tẹ táàbù, ohùn Ìyá Ṣadé jáde: “Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ọkọ mi ni àkọ́bí, ó tínínrín bí ọ̀pá ìtukọ̀. Òun ni Bàbá fún ní ilé etí òkun.” Mọ́sùn fò dìde. “Ìyá ìyá mi ni àkọ́bí! Àwọn ni wọ́n fún ní ilé etí òkun, ibẹ̀ ni wọ́n ń gbé!” Ó sì dárúkọ ìyá ìyá rẹ̀ gbàgàdà, bí ọmọ bíbí ilé ṣe lè dá a. Etí mi hó.

Túndé ní, “Ṣé kì í ṣe ẹnì kan náà ni?”

Ṣadé ní, “Màmá Eleko ló tínínrín? O ò rí wọn rí ni? Nígbà iléyá, wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì wa, bẹ́ǹṣì sunkún!”

Gbogbo kíláàsì rẹ́rìn-ín. Díẹ̀ ló kù kí Mọ́sùn gbá a létí. Chidera, tí páálí aago wà lọ́rùn rẹ̀, na ọwọ́ sókè: “Àǹtí, àwọn wọ̀nyí tún ti bẹ̀rẹ̀ o! Aago ti dún, wọn ò gbé táàbù fún mi.”

Mo rìn lọ bá wọn. Mọ́sùn yíjú sí mi, omi ti wà lójú rẹ̀. “Àǹtí, ìyàwó ilé wa ni yín. Ẹ bá wa sọ ọ́. Ṣé ìyá ìyá mi náà ni Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́?” Ó tún fi orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ kún un.

Ẹ wo ìbéèrè! Ẹ ó ní kí ló dé tí n kò kàn mi orí. Èmi náà ti bi ara mi. Ohun tó sọ sí mi lọ́kàn ni pé bí mo bá ti mi orí, àwọn ọmọ á kọ ọ́ síbẹ̀ pé, “Àǹtí ní Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni Lágbájá”, orúkọ náà á sì jáde bí ẹni pé láti ẹnu mi. Gbogbo òbí ló ń ka ojú ewé yẹn. Ìyàwó tí kò pe orúkọ yẹn rí láti ọjọ́ tó ti dé! Bí mo ṣe dúró tí mò ń wá ọ̀nà, ọ̀rọ̀ ọ̀dọ́kùnrin tó kọ́ wa ní táàbù yọ sí mi lẹ́nu. Mo ní, “Iṣẹ́ ẹgbẹ́ ni. Ẹ jíròrò rẹ̀ láàárín ara yín, kí ẹ wá ẹ̀rí.” Mo kọjá lọ. Inú mi tilẹ̀ dùn díẹ̀. Òfin ilé-ìwé àti òfin ilé ọkọ bá ara mu lẹ́ẹ̀kan náà, ta ni kò ní rò pé òun ṣe dáadáa?

Wọ́n sì jíròrò lóòótọ́. Chidera ló sọ ọ́ fún mi lẹ́yìn-ọ̀-rẹyìn bí wọ́n ṣe ṣe é. Túndé ní nílé àwọn ní Ìkirè, àkọ́bí bàbá àgbà òun kú, bẹ́ẹ̀ ni bàbá òun ṣe di àkọ́bí. Nítorí náà, bí ilé kan bá ní àkọ́bí méjì, ọ̀kan ti ní láti kú. Èwo ló kú nínú wọn? Màmá Eleko wà láàyè, Mọ́sùn ní fọ́tò wọn. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ kò ní fọ́tò. Ọ̀rọ̀ parí. Kò sí ẹni tó pa tẹnìkejì rẹ́, ẹnu mẹ́rin ló jẹ́rìí sí i, Ṣadé àti Mọ́sùn tún di ọ̀rẹ́. Bí a bá ní ká fi òfin mi wò ó, iṣẹ́ wọn kò ní àbùkù kankan. Wọ́n kọ ọ́ pé: “Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni àkọ́bí Bàbá àgbà. Ó tínínrín. Ó ti kú. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Màmá Eleko di àkọ́bí.”

Lọ́jọ́ Ẹtì, kí Màdáámù tó gbé iṣẹ́ náà sórí Wásáàpù àwọn òbí, mo ka ojú ewé gbogbo ẹgbẹ́. Ti tábìlì yẹn nìkan ni mo fò. Mo rò pé orúkọ yẹn á wà níbẹ̀, ojú mi kò fẹ́ bá a pàdé. Mo ní lẹ́yìn ìsinmi òpin ọ̀sẹ̀ n ó wò ó.

Bí a bá sọ̀kò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bá. Kí oòrùn Àbámẹ́ta tó gun òkè, àwọn òbí ti ń kọ ọ́ sórí Wásáàpù pé, “Ẹ kú àráfẹ́rakù”, “Kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere”. Ó dé ọ̀dọ̀ àwọn ìyàwó ilé wa gbogbo, láti Awoyaya dé Eleko, àwọn tó mọ ẹni tí Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ jẹ́. Ìyàwó kan ní Eleko já gèlè sílẹ̀, ó sunkún wọ inú ọgbà, ó bá olóògbé nídìí ẹja. Wọ́n ní olóògbé bi í pé, “Ta ló kú?” Wọ́n ní ìyàwó yẹn kàn ń nàka sí i.

Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ kò pariwo. Ìbá dára kó pariwo. Ó ránṣẹ́ mú Mọ́sùn kúrò lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ ní Ṣàngótẹ̀dó wá sí Eleko, ó ní ọmọ òun kò ní lọ mọ́ sí ilé-ìwé tí wọ́n ti ń pa ìyá ìyá rẹ̀. Ó ní kí ìyàwó Awoyaya má ṣe pe fóònù òun. Ọkọ mi, tó ń jó irin lójú títì, dá iṣẹ́ dúró, ó lọ bá a. Nígbà tó padà dé, ó jókòó. Ó wá ní, “Ó ní àwọn ọmọ ò ṣẹ òun. Ó ní Mọ́sùn sọ pé wọ́n bi ọ́ bóyá òun ni, o ní kí wọ́n jíròrò. Ó ní ṣé òun ni ohun tí ọmọdé ń jíròrò? Ó ní orúkọ tí ìwọ fúnra ẹ fún òun, o dúró tì í, wọ́n pa á.”

Wọ́n ní ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Èmi mú ẹnu mi o. Mo mú un dáadáa. Báwo ni ọ̀ràn ṣe wá bá ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi?

Ọkọ mi ní, “Pe orúkọ yẹn níwájú ẹ̀, kó parí. Ṣé orúkọ ń bu èèyàn jẹ ni?”

Mo ní, “Ẹ̀yin ni wọ́n bí sínú ilé yẹn, kò lè bù yín jẹ.”

Ní ọjọ́ Àìkú, èmi àti Ìyá Ṣadé lọ sí Eleko láti bẹ̀ ẹ́. Òjò ń rọ̀, a kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀. Ó wà lẹ́yìn èéfín, ó ń yí ẹja. A kí i. Ó yí ẹja mìíràn. Ó ní, “Ta lẹ ń kí? Òkú kì í gba àlejò.” Ìyàwó tó ń bá a fẹ́ná fi ọwọ́ bo ẹnu, ẹ̀rín fẹ́ pa á. Mo ní, “Ọkọ mi, ẹ ṣàánú mi.” Kò gbójú sókè. Ó ní, “Àwọn ọmọ tó pa mí ńkọ́? Ọjọ́ tí wọ́n bá jí mi, n ó mọ̀.” Mọ́sùn dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú aṣọ ilé, ó ń wò mí bí ẹni pé kò mọ̀ bóyá ó yẹ kí òun kí mi. Ohun tó dùn mí jù níbẹ̀ nìyẹn, pé ọmọ yẹn kò mọ̀.

A padà sí kíláàsì lọ́jọ́ Ajé. Àga Mọ́sùn ṣófo. Mo rò pé àwọn mẹ́ta tó kù á pín àkókò rẹ̀. Nígbà tí aago dún tó yẹ kí táàbù kan Mọ́sùn, Chidera gbé e síwájú àga òfìfo yẹn, wọ́n káwọ́, wọ́n jókòó, wọ́n ń wò ó. Mo ní kí ló dé. Chidera ní, “Òfin ni, Àǹtí. Òun ló kàn.” Wọ́n dúró títí aago fi tún dún. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀, bí ẹni ń gbé oúnjẹ sílẹ̀ de ẹni tó rìnrìn-àjò. Mo jáde lọ dúró lẹ́yìn ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kí wọ́n má baà rí ojú mi.

Nígbà tó yá, mo padà lọ bá wọn, mo fa àga kan, mo jókòó. N kò fún wọn ní ìdáhùn. Bóyá ẹ̀rù ni, bóyá ọgbọ́n ni, n kò mọ̀ títí di òní. Mo kàn bi wọ́n pé, “Lórí ọ̀rọ̀ Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ yìí, ta lẹ kò tíì bi?”

Chidera ní, “Gbogbo èèyàn la bi.”

Túndé ní, “A ò bi òkú.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ṣadé nìkan ni kò rín. Ó ní, “A ò bi Màmá Eleko bóyá wọ́n mọ Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́.”

Mo gba àṣẹ lọ́wọ́ Màdáámù. Lọ́jọ́bọ̀, àwọn ọmọ fi táàbù pe fóònù Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́, irú ìpè tí èèyàn ti ń rí ojú ara wọn. Mọ́sùn ló gbé e. Ariwo sọ! Chidera ń kígbe pé, “Mọ́sùn, ojoojúmọ́ la ń gbé táàbù síwájú àga ẹ o!” Ọmọ yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà iwájú orí Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ kún inú ẹ̀rọ náà, kò mọ ibi tí èèyàn ń dojú kọ. Túndé, tí páálí ìbéèrè wà lọ́rùn rẹ̀, ní, “Ẹ káàárọ̀ mà. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ mọ Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ tó kú?”

A ń gbọ́ òkun lẹ́yìn rẹ̀. Ó wá ní, “Tíṣà yín dà?”

Túndé ní, “Wọ́n sá sẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù, mà.”

Ẹ̀yin èèyàn mi, òótọ́ ni. Ibẹ̀ ni mo wà.

Mo gbọ́ tó fọ́n imú. Mo gbọ́ tó ní, “Ẹ sọ fún un pé ohun tí wọ́n fi ẹ̀rọ pa, a kì í fi ẹ̀rọ jí i. Mò ń bọ̀ lọ́la.”

Ó dé lọ́jọ́ kejì, òórùn èéfín ẹja kún ara rẹ̀, Mọ́sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú aṣọ ilé-ìwé. Ṣadé ló sáré gbé àga tèmi fún un. Mo rò pé kò fẹ́ kí bẹ́ǹṣì tún sunkún. Mọ́sùn lọ jókòó sáyè rẹ̀, wọ́n gbé táàbù fún un láìsọ̀rọ̀. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ wo páálí tó wà lọ́rùn wọn, ó ní, “Ẹ bèèrè ohun tí ẹ fẹ́ bèèrè.”

Túndé ní, “Mà, ṣé ẹ̀yin lẹ tínínrín nígbà kan?”

“Èmi ni.”

“Kí ló wá ṣẹlẹ̀?”

“Ẹ̀bà ni, ọmọ mi. Ẹ̀bà àti ọmọ bíbí.”

Kíláàsì fẹ́rẹ̀ẹ́ wó. Èmi náà fẹ́ rẹ́rìn-ín, n kò mọ̀ bóyá àyè wà fún mi láti rín. Ó wá sọ fún wọn bí ìyàwó kan ṣe wọ ilé bàbá àwọn nígbà kan, tó rí òun tí òun ru agbọ̀n ẹja bọ̀, tó fún òun ní orúkọ. Ó ní òun ni Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́, òun náà ni ẹni tí Mọ́sùn dárúkọ. Chidera ní ẹnu kan nìyẹn, òfin ní kí ó pé méjì. Mọ́sùn ti fẹ́ la ẹnu, ìyá ìyá rẹ̀ gbé ọwọ́ sókè. Ó yíjú sí mi. Ó ní, “Ẹni tó fún èèyàn lórúkọ ló mọ̀ ọ́n. Pè mí, kí àwọn ọmọ gbọ́.”

Mo kúnlẹ̀. Mo ní, “Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́.”

Ó ní, “Hùn-ún. Ìkejì ńkọ́?”

N kò mọ̀ bóyá ó ń dán mi wò ni. Bí mo bá kọ̀ ọ́, mo tún ti dákẹ́ lórí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Bí mo bá pè é, kí ló kù tó ń jẹ́ ìyàwó lára mi? Mo wo ojú rẹ̀, ojú rẹ̀ kò sọ nǹkan kan. Táàbù ń gba ohùn.

Mo pè é.

Ó jẹ́ mi lóhùn. “Ẹ̀n,” jẹ́jẹ́, bí ẹni tí wọ́n pè láti yàrá kejì. Chidera tẹ ẹ̀rọ láti mọ̀ bóyá ó gbà á. Ohùn mi jáde níbẹ̀, ó ń pe orúkọ yẹn lẹ́ẹ̀kejì. Chidera bi wá bóyá kí òun fi í pamọ́. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ní, “Kí ló dé tí o ò ní fi pamọ́?” Àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wá kọ ọ́ sísàlẹ̀ ojú ewé wọn pé: “Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ò kú. Ó sanra ni.” Wọ́n gbé ìyẹn náà sórí Wásáàpù. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó dì mọ́ Ṣadé àti Mọ́sùn, ó fà mí dìde nílẹ̀. Nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà, ó juwọ́ sí mi. Ó ní, “Ó dàbọ̀ o, Tíṣà.”

Tíṣà ló ń pè mí láti ọjọ́ yẹn. Ó ti wá sí Awoyaya lẹ́yìn ìgbà náà, ó gbé ẹja wá fún wa, ó jẹun nílé mi, ó fi ọmọ ṣeré. Kò sí ìjà níbì kankan. Ṣùgbọ́n n kò tíì gbọ́ “ìyàwó mi” mọ́. Òun ló pọn ọmọ mi, tó dúró lábẹ́ igi kí n lè di tíṣà. Ṣé oyè tí òun náà bá mi ṣiṣẹ́ fún ló ń kì mí ni, àbí ó ń sọ fún mi pé n kì í ṣe ìyàwó mọ́? Mo bi ọkọ mi, ó ní mò ń ronú jù. Mo bi Ìyá Ṣadé, ó sunkún. Èmi náà kò tún mọ ohun tí n ó máa pè é. Bí mo bá fẹ́ sọ pé “ọkọ mi”, mo ń gbọ́ ohùn mi nínú táàbù. “Ẹ ǹlẹ́ mà” ni mo ń kí i, bí àlejò.

Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe ìyàwó pẹ́ jù mí lọ, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ṣé kí n lọ bi í fúnra mi, èmi tí mo sọ fún ọmọdé pé kí wọ́n máa bèèrè? Àbí irú ìbéèrè yìí ni èèyàn ń fi sílẹ̀? Bí mo bá ń fọ abọ́ tí mo ń ka ìtàn ilé wa sókè, mo ti fi ọjọ́ náà kún un, nítorí ohun tó bá ṣẹlẹ̀ nínú ilé ni mo gbọ́dọ̀ kà, ìbáà yé mi, ìbáà má yé mi. Mo ń kà á báyìí pé: ọjọ́ Ẹtì tó gbẹ̀yìn táàmù kẹta, kí agogo ìlọlé tó lù, ni wọ́n jí Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ní Ṣàngótẹ̀dó, tí ọ̀rọ̀ náà sì parí.